Bí Wọ́n Bá Da Kẹ́míkà Sí Púùlù Tí Omi Rẹ̀ Sì Dà Bí Omidùn, Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kọ́mọ Yín Wọ̀ Ọ́

Ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ máa ń mú ọmọ-ọmọ jáde lásìkò ọdún, ó dájú pé ẹ ti rí irú èyí rí. Ẹ dé òtẹ́ẹ̀lì tàbí ibi ìgbafẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ, àwọn ọmọ ti bọ́ aṣọ wọn sílẹ̀, ara wọn ti ń yá gágá. Ẹ wá wo adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní púùlù, ẹ rí i pé omi inú rẹ̀ rú. Kò dúdú, kò sì ní ewé kankan lójú, àmọ́ ó funfun bí omidùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà kúrò lórí ògì. Ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ léèrè, ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mọ́mì, àná la da kẹ́míkà sí i. Kẹ́míkà yẹn ló ń ṣiṣẹ́."

Ìdáhùn yẹn dùn ún gbọ́, àmọ́ kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ gbé ọmọ sínú omi. Lóòótọ́, kẹ́míkà lè mú kí omi rú fún wákàtí mélòó kan, ó sì lè jẹ́ pé kòkòrò àrùn inú rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n kòkòrò kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ bà yín lẹ́rù. Rírì ni. Ọmọ tó bá ń rì kì í pariwo bí a ṣe ń rí i nínú fíìmù. Omi ti bo ẹnu rẹ̀, kò rí èémí fà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé á rí èyí tó máa fi ké. Wẹ́rẹ́ ló máa ń lọ sísàlẹ̀. Bí omi bá tòrò, ẹni tó wà lókè á rí i, á sì bẹ́ sínú omi. Bí omi bá rú, èèyàn lè dúró létí ibẹ̀ kó máa wojú omi, kó má mọ̀ pé ẹnì kan wà nísàlẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Fall River, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹfà ọdún 2011. Obìnrin ẹni ọdún 36 kan rì sínú púùlù ìjọba tí gbogbo ará ìlú ń lò. Omi ọ̀hún rú débi pé ẹnikẹ́ni ò rí i. Púùlù ò sì dá iṣẹ́ dúró: àwọn ọmọdé àtàgbà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ wọn wà níbẹ̀, títí ọjọ́ méjì fi kọjá kó tó di pé wọ́n rí òkú rẹ̀ tó léfòó lóru. Amẹ́ríkà nìyẹn o, níbi tí òfin àti òṣìṣẹ́ pọ̀ sí.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe kò gba owó, kò sì gba ìwé. Ẹ dúró létí ibi tó jìn jù, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀. Ìdérí ihò tí omi ń gbà lọ sínú ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ ò bá rí àwọn ojú kéékèèké ara ìdérí yẹn kedere, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ omi náà, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe bàbá àgbà tí dókítà ní kó máa rìn nínú omi nítorí orúnkún. Ẹ má jẹ́ kí owó tẹ́ ẹ ti san ní géètì mú yín dákẹ́. Ẹ ní kí wọ́n dá a padà, tàbí kẹ́ ẹ jẹ kéèkì yín lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Apá tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní púùlù nínú ọgbà yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń dáwó ìtọ́jú rẹ̀ ní ẹ́sítéètì, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tẹ́ ẹ lọ bá ọmọ yín tọ́jú ọmọ tuntun ní Houston tàbí Atlanta tẹ́ ẹ wá bá púùlù lẹ́yìnkùlé wọn. Ẹni tí kò ní púùlù, tó kàn ń mú ọmọ lọ sí ti òtẹ́ẹ̀lì, á rí ìbéèrè tó máa bi wọ́n níbẹ̀.

Ibo ni funfun yẹn ti ń wá?

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú púùlù máa ń ṣe bí omi bá rú ni pé wọ́n á tún da kẹ́míkà mìíràn sí i. Bí ìyẹn ò bá jẹ́, wọ́n á da ẹ̀kẹta. N ò dá wọn lẹ́bi tán. Ọ̀gá ń pariwo, àlejò sì ti wà lọ́nà. Àmọ́ bí ẹni tí iyọ̀ já nínú ọbẹ̀ rẹ̀ tó wá ń fi magí tún un ṣe ló rí.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá. Níbi ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Rio de Janeiro lọ́dún 2016, púùlù tí wọ́n ti ń bẹ́ láti orí pátákó gíga ṣàdédé di àwọ̀ ewé lójú gbogbo ayé, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà sì tẹ̀lé e. Nígbà tí àwọn alákòóso máa ṣàlàyé, wọ́n ní agbaṣẹ́ṣe kan ló da 80 lítà kẹ́míkà tó ń jẹ́ hydrogen peroxide sínú omi náà. Kẹ́míkà yẹn wúlò láyè tirẹ̀, àmọ́ bó bá pàdé kiloríìnì, ńṣe ló máa ń pa agbára rẹ̀. Kiloríìnì ò ríṣẹ́ ṣe mọ́, ewé omi ráyè hù. Lára ohun tí wọ́n fi tún un ṣe ni pé wọ́n fa omi púùlù kejì dànù pátápátá, wọ́n sì gbé omi mìíràn sí i. Ẹ wo iye omi tó bá a lọ, nítorí kẹ́míkà tí wọ́n dà sójú ibi tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá mú èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ tiwa. Kiloríìnì oníyẹ̀fun, èyí tí wọ́n ń tà nínú ike ràgàjì, tó funfun bí iyọ̀ tí kò kúnná, kálísíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Kálísíọ́ọ̀mù ọ̀hún náà ló wà nínú èèpo ẹyin àti nínú karawun ìgbín. Bí wọ́n bá da kiloríìnì yìí sómi, ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Èkíní, kì í yòrò tán lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí kò yòrò á máa fò kiri bí eruku. Ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, omi á tòrò láàárín wákàtí mélòó kan. Èkejì ni wàhálà: kiloríìnì oníyẹ̀fun máa ń gbé ohun tí wọ́n ń pè ní pH sókè.

Ẹ má jẹ́ kí pH yìí dẹ́rù bà yín. Òṣùwọ̀n ni, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá omi kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ó ń yọ̀ bí omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. 7 ni agbedeméjì. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 7 fẹ́ jọ ọsàn wẹ́wẹ́, ohun tó bá ju 7 lọ fẹ́ jọ omi eérú. Omi púùlù yẹ kó wà láàárín 7.2 sí 7.8. Bó bá ti kọjá 8, kálísíọ́ọ̀mù tó wà nínú omi ò ní lè máa yòrò bó ṣe yẹ mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í di lẹ́búlẹ́bú bí èèpo ẹyin tí wọ́n lọ̀ kúnná. Funfun tẹ́ ẹ rí yẹn nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá tún da kiloríìnì oníyẹ̀fun lé e, ẹ kàn ń bù kún lẹ́búlẹ́bú ni.

Ìyẹn nìkan kọ́. Bí pH bá ti tó 8, nǹkan bí ìdámẹ́rin péré lára kiloríìnì inú omi ló ń wà ní ipò tó lè pa kòkòrò kíákíá. Ìyẹn ni pé èèyàn lè náwó kẹ́míkà, kí omi rẹ̀ rú, kí kòkòrò inú rẹ̀ má sì kú bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "a ti da kẹ́míkà tó pọ̀ sí i," ẹ bi í pé mélòó ni pH rẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn tẹ́ ẹ ń wá.

Àyẹ̀wò kan wà tẹ́ ẹ lè ṣe nílé. Ẹ bu omi púùlù náà sínú ife dígí, ẹ kán ṣíbí fínígà kan sí i, kẹ́ ẹ rò ó. Bó bá mọ́ gaara lójú yín, ó fẹ́ẹ̀ dájú pé kálísíọ́ọ̀mù ni. Ohun tó máa tán an kì í ṣe kiloríìnì, bí kò ṣe ásíìdì ti púùlù, tí wọ́n máa fi díẹ̀díẹ̀ mú pH wálẹ̀, lẹ́yìn àyẹ̀wò, bí ìwé ara ike rẹ̀ bá ṣe sọ. Bí ife náà ò bá yí padà rárá, ẹ wá ìdí rẹ̀ síbòmíràn.

Ibòmíràn yẹn lè jẹ́ inú ilẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó, irin wà nínú omi bọ̀hóòlù. Ẹ mọ irú omi yẹn: bẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn ọ́n, ó mọ́, bó bá sùn mọ́jú nínú garawa, ó ti pọ́n, ó sì ti fi nǹkan bí ìpẹtà sísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló fa ìyẹn. Kiloríìnì máa ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, òun sì yára ju afẹ́fẹ́ lọ. Omi tó mọ́ gaara láàárọ̀, bí wọ́n bá da kiloríìnì sí i, á pọ́n bí tíì kó tó dọ̀sán. Àwọn onílé máa ń fi èyí bá ẹni tó ta kẹ́míkà jà pé ayédèrú ló tà fún àwọn. Bóyá ayédèrú ni lóòótọ́, àmọ́ irin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Irin tó ti hàn sójú báyìí ṣeé sẹ́ kúrò. Kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì máa fọ fílítà léraléra.

Bó bá jẹ́ pé omi náà ti di àwọ̀ ewé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó da kiloríìnì sí i, tó wá di funfun tó fẹ́ jọ eérú lọ́jọ́ kejì, ẹ má bínú sí ẹnikẹ́ni. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ewé omi yẹn ti kú, òkú rẹ̀ lẹ̀ ń wò. Eruku ọyẹ́ náà máa ń ṣe tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òjò ńlá tó gbá ìdọ̀tí òrùlé àti ti àgbàlá wọnú omi. Kẹ́míkà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń pa ewé omi náà lè mú kí omi rú, kó sì ba ògiri jẹ́, bí wọ́n bá dà á jù tí pH sì ga.

Kẹ́míkà ò lọ́wọ́ tó máa fi kó ìdọ̀tí

Gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yẹn, látorí lẹ́búlẹ́bú kálísíọ́ọ̀mù dé orí òkú ewé omi, ọ̀nà kan ló ní tó máa gbà jáde: fílítà. Kẹ́míkà ń pa nǹkan, ó ń yí nǹkan padà, àmọ́ kò lọ́wọ́ tó máa fi kó o jáde kúrò nínú omi. Ibi tí ọ̀rọ̀ púùlù ti ń bàjẹ́ ní Nàìjíríà gan-an nìyí, nítorí fílítà ò lè ṣiṣẹ́ láìsí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí iná.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Púùlù tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5 bá a bá pín in dọ́gba, 75,000 lítà omi ló gbà. Bí pọ́ǹpù rẹ̀ bá ń fa 10,000 lítà ní wákàtí kan, wákàtí méje àtààbọ̀ ló máa lò kó tó fa iye omi tó tó ti inú púùlù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ sì rántí pé omi tó ti mọ́ ń padà lọ dà pọ̀ mọ́ èyí tó rú ni. Lẹ́yìn wákàtí méje àtààbọ̀ yẹn, ó ju ìdámẹ́ta omi náà lọ tí kò tíì kan fílítà rárá. Ìdí nìyẹn tí omi tó rú fi lè gba ọjọ́ kan sí ọjọ́ mẹ́ta kó tó tòrò, bí pọ́ǹpù bá tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Ta ló ń tan pọ́ǹpù tọ̀sán-tòru níbí? Iná kì í dúró, dísù ò ṣeé fọwọ́ kàn, owó bẹntiróòlù náà sì ti fò fẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Kò yani lẹ́nu bí ẹlòmíràn bá ń tan pọ́ǹpù fún wákàtí méjì lójúmọ́, tó wá ń fi kẹ́míkà ìlọ́po méjì dí àlàfo tó kù. Àmọ́ kò lè dí i. Owó kẹ́míkà náà, inú omi ló ń dà á sí. Lójú tèmi, ó sàn kí òtẹ́ẹ̀lì tàbí ẹ́sítéètì ti púùlù pa láti Mọ́ńdè sí Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n fi owó epo yẹn tan ẹ̀rọ dáadáa lọ́jọ́ Jímọ̀ títí di ọjọ́ Àìkú, ju kí wọ́n ṣí i lójoojúmọ́ pẹ̀lú omi tó rú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà nínú ìgbìmọ̀ ẹ́sítéètì, ẹ dá a lábàá nípàdé. Bí púùlù bá sì wà ní títì, kí géètì rẹ̀ wà ní títì pẹ̀lú àgádágodo, kí wọ́n sì ṣì máa da kiloríìnì sí i kí ewé má bàa hù.

Fílítà fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú. Yanrìn ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Aago kékeré kan wà lórí rẹ̀ tó ń fi agbára tí omi fi ń tì í hàn. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ yanrìn náà. Lọ́jọ́ tó bá fi 8 sí 10 ju ìyẹn lọ, ìdọ̀tí ti dí i, ó yẹ kí wọ́n yí omi gba ẹ̀yìn kó fi gbá ìdọ̀tí náà dànù, títí èyí tó ń jáde á fi mọ́. Lẹ́yìn tí kẹ́míkà bá ti pa ewé omi rẹpẹtẹ, wọ́n lè ní láti fọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́. Yanrìn máa ń gbó pẹ̀lú. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, á dì pọ̀ bí gaàrí tí omi kán sí, omi á wá ojú kan gbà kọjá láìsẹ́. Bẹ́ ẹ bá máa pààrọ̀ rẹ̀, yanrìn ti fílítà ni kẹ́ ẹ rà. Mo mọ̀ pé birikilà máa sọ fún yín pé yanrìn ni yanrìn ń jẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ìkọ́lé ní amọ̀ nínú, kò sì dọ́gba, á dá kún ìdọ̀tí omi yín ni.

Álọ́ọ̀mù ńkọ́?

Ẹ̀yin àgbà mọ álọ́ọ̀mù ju àwọn ọmọ ìsinsìnyí lọ. Bí wọ́n bá gbé omi odò dé nígbà òjò, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù rò ó, tó bá di àárọ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á ti sílẹ̀, omi òkè á ti tòrò. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe ní púùlù. Ìdọ̀tí tó kéré jù fún yanrìn láti mú, álọ́ọ̀mù á so wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á wúwo, wọ́n á sì rì.

Àmọ́ ó ní ìlànà, àìtẹ̀lé rẹ̀ ló ń jẹ́ kí omi tún rú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí pH bá ga, kì í di mọ́ra dáadáa, apá kan rẹ̀ á máa fò kiri nínú omi, nítorí náà kí wọ́n kọ́kọ́ mú pH wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ 7. Álọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ tún máa ń fa pH wálẹ̀ sí i, nítorí náà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n pò ó nínú garawa kí wọ́n tó wọ́n ọn kiri ojú omi. Kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó lè kárí, lẹ́yìn náà kí wọ́n pa á, kí ẹnikẹ́ni má sì da omi náà rú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Láàárọ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á ti wà nísàlẹ̀. Ibi tí púpọ̀ ti ń ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́ nìyí: wọ́n á fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn gba inú fílítà, fílítà á sì dí tàbí kó tú u padà sínú omi. Ìta ló yẹ kí wọ́n fà á sí tààrà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbálẹ̀ níbi tí ọmọ ti ń sùn. Omi púùlù á dín kù díẹ̀, wọ́n á sì fi òmíràn dí i. Omi tó ní irin kọ́ o.

Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n

Àpótí àyẹ̀wò kékeré tí wọ́n fi ń mọ iye kiloríìnì àti pH ló yẹ kó ṣáájú kẹ́míkà èyíkéyìí wọlé yín. Kiloríìnì yẹ kó tó 1 ó kéré tán lórí òṣùwọ̀n náà. Bó bá jẹ́ pé kiloríìnì oníhóró, tó dà bí bisikíìtì ńlá, lẹ̀ ń lò, kó tó 2, nítorí èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí oòrùn tètè gbé kiloríìnì lọ, àmọ́ tó ń jẹ́ kó lọ́ra láti pa kòkòrò. Èròjà yẹn kì í lọ; ńṣe ló ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Bó bá pọ̀ jù, àfi kí wọ́n da apá kan omi náà nù. Òṣùwọ̀n kẹta, tí wọ́n ń pè ní alkalinity, ló ń di pH mú kó má máa fò sókè-sódò. 80 sí 120 ló dára.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀tàn kan. Bí kiloríìnì bá pọ̀ jù nínú omi, bí ti ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀pọ̀ sí i, ó lè bó àwọ̀ oògùn àyẹ̀wò náà, kó wá dà bíi pé kò sí kiloríìnì rárá. Ẹni tí kò mọ̀ á tún dà sí i. Ẹ fi omi tí kò ní kiloríìnì là á, ìdajì sí ìdajì, kẹ́ ẹ tún un yẹ̀ wò. Bí àwọ̀ bá wá yọ, ẹ ti mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀.

Fún púùlù 75,000 lítà tá a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí 115 gíráàmù kiloríìnì oníyẹ̀fun tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 ló máa gbé òṣùwọ̀n kiloríìnì sókè pẹ̀lú 1. Gíráàmù ni mo wí o, kì í ṣe kóńgò.

Ọ̀rọ̀ òórùn náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé púùlù tó bá ń rùn kẹ́míkà tó ń ta èèyàn lójú ni púùlù tó mọ́ jù. Òdìkejì rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Ìgbà tí kiloríìnì bá pàdé ìtọ̀ àti òógùn ló ń mú òórùn yẹn jáde. Ẹni tó ní ikọ́ fée, àti àgbàlagbà tí àyà rẹ̀ kò le, kó jìnnà sí i. Kí àwọn ọmọ tọ̀ kí wọ́n tó wọ omi, kí wọ́n sì fi omi ṣanra. Èyí tó bá ń yàgbẹ́ kó jókòó sílé, nítorí kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ cryptosporidium, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, tó lè lò ju ọjọ́ méje lọ nínú omi tí kiloríìnì rẹ̀ pé.

Ìgbà wo wá ni ọmọ lè wọ omi lẹ́yìn tí wọ́n ti da kẹ́míkà sí i? Bí wọ́n bá da kiloríìnì púpọ̀ sí i, ó sábà máa ń gba òru kan tàbí wákàtí 24 kó tó rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n aago kọ́ lẹ máa wò. Kí kiloríìnì ti padà sí 4 tàbí kó dín, kí pH wà láàárín 7.2 sí 7.8, kẹ́ ẹ sì rí ìdérí ìsàlẹ̀ yẹn kedere. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni. Bó bá ku ọ̀kan, kò tíì yá.

Ibi tí kẹ́míkà wà nínú ilé

Wọ́n ń ta ásíìdì àti kiloríìnì nínú ike omi mímu tí wọ́n ti lò tán, láìsí orúkọ lára rẹ̀. Ẹ má rà á bẹ́ẹ̀, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ ò mọ̀ pé ohun tó wà nínú ike yẹn kì í ṣe omi, bàbá tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì náà ò lè mọ̀. Kí wọ́n wà nínú ike tí wọ́n bá wá, nínú yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́ tí afẹ́fẹ́ sì ń wọ̀, kí ásíìdì jìnnà sí kiloríìnì. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, èéfín olóró ló ń jáde, tó lè pa èèyàn. Kiloríìnì oníyẹ̀fun àti oníhóró pàápàá kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú garawa kan, wọ́n lè gbiná tàbí kí wọ́n bú gbàù. Bẹ́ ẹ bá sì máa pò wọ́n, kẹ́míkà lẹ máa dà sínú omi. Ẹ má da omi lé kẹ́míkà lórí láéláé.

Bí ẹnì kan bá fa èéfín náà símú, tó ń wúkọ́ tí àyà sì ń fún un, ẹ mú un jáde síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ kíákíá, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù kódà bí ikọ́ náà bá rọlẹ̀, nítorí ó lè padà le lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Bó bá ta sójú, omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa dà sí i láìdúró fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì, nítorí ohun tó jó ọ̀nà ọ̀fun lọ, á tún jó o bọ̀. Ẹ mú ike kẹ́míkà náà dání lọ sí ọsibítù, kí dókítà lè ka ohun tó wà lára rẹ̀.